Ejò Akínwùmí Kọ Oúnjẹ

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹrin, ọdún 1996, ni Akínwùmí gbé ejò dé ẹnu ọ̀nà Adérìnsọ́lá ní Glenarden, ìlú kan ní Maryland lókè òkun. Kò fi tẹlifóònù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Rìnsọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gèlè ṣì wà lórí rẹ̀, nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ọkùnrin náà tó gbá àpótí gíláàsì kan mọ́ àyà, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ó ní bàbá òun ti kú ní Ọ̀yọ́, òun máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la, kò sì sí ẹlòmíràn tí òun lè gbé Jẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún.

Jẹ́jẹ́ ni orúkọ tó sọ ejò náà. Ọ̀kan nínú àwọn ejò kéékèèké tó kún inú koríko Maryland ni, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní gáàtà. Kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, ilà yẹ́lò mẹ́ta sì gba ara rẹ̀ kọjá láti ọrùn dé ìrù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ló gé e nírù díẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé tí Akínwùmí ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn olùkọ́ tó kù ní kí wọ́n gbé e sọnù. Akínwùmí gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Kettering, ó ń tọ́jú egbò rẹ̀, egbò jiná tán, kò sì dá a padà sínú koríko mọ́.

Rìnsọ́lá ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàlá. Ó ti rí ẹ̀jẹ̀, ó ti rí èyí tó ju ẹ̀jẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló dì gbagidi nígbà tí ejò náà yọ ahọ́n. Báwo ló ṣe wá fẹ́ sọ fún ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pé kó máa gbé ejò rẹ̀ lọ? Ó yàgò fún un, ọkùnrin náà wọlé, ó sì gbé àpótí ka orí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísọ̀n.

“Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni,” Akínwùmí ní. “Ekòló ló ń jẹ, mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kì í yọ èèyàn lẹ́nu.”

Ó gbé ike ekòló kan kalẹ̀, ó fi ìwé tó kọ ìlànà sí tì í. Ó wá di ọwọ́ Rìnsọ́lá méjèèjì mú. Ó yanu bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ nínú rẹ̀, Rìnsọ́lá sì sún mọ́ ọn, torí ó ti tó ọdún méjì tó ti ń retí ọ̀rọ̀ náà.

“Jọ̀ọ́,” ni Akínwùmí wí, “máa rántí pààrọ̀ omi rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ.

Àǹtí Felicia ló mú àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà ni òun àti Rìnsọ́lá jọ wà, ó sì ka ọ̀rọ̀ wíwá ọkọ fún Rìnsọ́lá sí iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé lé òun lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé tí Rìnsọ́lá kò bá lọ sí iṣẹ́, Akínwùmí á wá gbé e, wọ́n á lọ rìn yí adágún Lake Arbor ká, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà, kì í purọ́, kì í pẹ́ dé. Ó lè fi odindi wákàtí kan sọ bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń la ìgbà òtútù já lábẹ́ yìnyín. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ni kì í dé ẹnu rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Rìnsọ́lá, ó fi ọdún mẹ́rin ju Akínwùmí lọ, kò sì sí alẹ́ tó sùn tí kò ro iye tó kù nínú ọjọ́ orí tí obìnrin fi ń bímọ. Ó ti rò ó pé òun á bi í. Ó tún rò ó pé bí òun bá bi í, tó bá ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀, níbo ni òun máa gbé ojú sí nínú ẹgbẹ́ akọrin?

Ejò náà kò jẹun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Rìnsọ́lá ka ìwé ìlànà, ó fi ẹ̀mú kékeré mú ekòló kan, ó na ọwọ́ títí apá fi ń dùn ún, ó ń mì ín níwájú ejò náà gẹ́gẹ́ bí Akínwùmí ṣe kọ ọ́. Jẹ́jẹ́ gbé orí, ó wo ekòló, ó wo Rìnsọ́lá, ó sì yí padà sí igun àpótí. Rìnsọ́lá ní bóyá ọ̀fọ̀ ń ṣe ejò náà pẹ̀lú. Ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kejì, bákan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ekòló inú ike kú nínú fìríìjì. Ó ra ẹja sámọ́ọ̀nù, ó gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé e fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín, ejò kò yíjú sí i. Ó wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn apẹja, ó ra ekòló pupa, àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín kan báyìí. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ gbọ́ òórùn wọn, ńṣe ló sá, ó ń fi imú wá ibi tó lè gbà jáde. Iṣẹ́ wákàtí méjìlá ni Rìnsọ́lá ń ṣe ní ọsibítù. Ó máa ń fi gbogbo ọ̀sán bẹ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tọ́ ọbẹ̀ díẹ̀ wò. Bó bá délé, kò ní tíì bọ́ bàtà tán tí á fi lóṣòó síwájú àpótí gíláàsì, tí á tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tuntun. Ó wò ó láàárọ̀, ó wò ó nírọ̀lẹ́, ó fi ìka ta gíláàsì, ó gbé àpótí láti orí tábìlì lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún gbé e padà. Nígbà tó yá, ẹ̀bẹ̀ di èébú. Ó ní aláìmoore ni, ó ní olóríkunkun ni, ó ní ó jọ olówó rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, Akínwùmí kò dé. Délé, tí òun àti Akínwùmí jọ ń gbé ilé ní Kettering, fi tẹlifóònù pe Rìnsọ́lá pé òun gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n Akínwùmí kan ń ti Jámánì bọ̀, wọ́n ti sún ìsìnkú síwájú. Ìgbà wo ló máa wá dé? Délé ní òun kò mọ̀. Rìnsọ́lá bi í bóyá ó lè wá gbé ejò náà. Délé rẹ́rìn-ín, ó ní òun bọ̀wọ̀ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì gan-an, ṣùgbọ́n bí ejò bá wọ yàrá yẹn padà kí Akin tó dé, òun á kó jáde.

Ìyá Rìnsọ́lá ló wá dé ní tirẹ̀, láti Ìbàdàn, láti wá lo oṣù mẹ́ta. Mátírọ́ọ̀nù ló jẹ́ ní ilé ìwé àwọn obìnrin kan fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn mátírọ́ọ̀nù kò sì tíì kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Rìnsọ́lá ti da aṣọ bo àpótí náà, ó ń wá ọ̀nà tí á gbà sọ ọ́. Ìyá kò jẹ́ kó wá a tán. Ó sún aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó, kò pariwo. Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àga tó jìnnà jù lọ nínú pálọ̀, ó sì ní kí ọmọ òun ṣàlàyé. Rìnsọ́lá ṣàlàyé. Àlàyé náà kò dùn gbọ́ létí òun fúnra rẹ̀.

“Ọdún méjì,” ìyá rẹ̀ wí. “Kò gbé òrùka wá. Kò gbé mọ̀lẹ́bí wá. Ejò ló gbé wá.”

Rìnsọ́lá náà ti sọ gbolóhùn yẹn fún ara rẹ̀ nínú mọ́tò.

Ìyá kò wá ní ọwọ́ lásán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn ní àbúrò tó jẹ́ dókítà eyín ní Lake Arbor, Dókítà Joel Ọmọ́jọlá, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Àǹtí Felicia ni ìyá pè láti bá wọn ṣètò. Àǹtí Felicia wá há sáàárín méjèèjì: òun ló mú Akínwùmí wá tẹ́lẹ̀, kò sì lè kọ̀ fún ìyá. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Rìnsọ́lá pé kí ó kàn gbà kí ọkùnrin náà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán, oúnjẹ lásán kì í ṣe ìgbéyàwó.

Dókítà wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí Rìnsọ́lá ti ń wá àléébù sí i lára tó, kò rí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó jẹ iyán tán, ó palẹ̀ àwo ara rẹ̀ mọ́. Ó béèrè nípa iṣẹ́ Rìnsọ́lá lọ́sibítù, ó sì fetí sí ìdáhùn. Nígbà tó yá ó rí àpótí gíláàsì, wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ jù ú sínú koríko ẹ̀yìn ilé,” ó ní. “Tó bá dé, ẹ sọ pé ó kú. Ta ló máa mọ̀?”

Kò sí ibi kankan nínú ohùn rẹ̀. Ó fẹ́ ran obìnrin tó ti rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Síbẹ̀, inú bí Rìnsọ́lá dé ibi tó fi yà á lẹ́nu. Ó ní rárá, kò ṣeé ṣe, bíi pé ọmọ òun ni wọ́n ní kí òun jù sọnù. Ó dìde lọ kó àwo sí ibi ìfọwọ́, ó dúró síbẹ̀, omi ń ya lórí ọwọ́ rẹ̀. Kí ló kàn án? Kò fẹ́ràn ejò náà. Ó kórìíra rẹ̀. Àmọ́ Akínwùmí gbé e fún un pẹ̀lú ojú tó pọ́n yẹn, kò sì sí irọ́ kankan tó lè pa fún ojú náà.

Lẹ́yìn tí dókítà lọ, ìyá wá gba kànrìnkàn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fọ àwọn àwo náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, tẹlifóònù dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Rìnsọ́lá wà nílé. Ohùn Akínwùmí ni, láti ọ́fíìsì tẹlifóònù kan ní Ọ̀yọ́, ó ń jìnnà, ó ń súnmọ́. Rìnsọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì dí etí.

“Ṣé ó ti ń jẹun?” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà.

Rìnsọ́lá ń dúró kó sọ ọ̀rọ̀ míì. Akínwùmí ní kó gbìyànjú kó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un, pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ó rù, pé òun ń ronú rẹ̀ lójoojúmọ́, pé òun kò mọ ọjọ́ tí òun máa rí i.

“Kò jẹun,” Rìnsọ́lá ní. “Kò jẹun láti ọjọ́ tó o ti gbé e wá. Èmi náà kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ṣùgbọ́n o ò béèrè mi.” Ó sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀ kó tó di pé ó sunkún sí i létí.

Ìyá wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ti gbọ́. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ró. Ó ní òun kò fẹ́ sọ èyí tí Àǹtí Felicia sọ fún òun lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò dáa kí òun pa á mọ́. Ẹ̀gbọ́n Akínwùmí obìnrin, Adébùnmí, ti ń sọ ọ́ káàkiri Ọ̀yọ́ pé àwọn kò ní gba obìnrin tó dàgbà ju àbúrò àwọn lọ sílé, pé bàbá àwọn kò gbà á kó tó kú, pé àwọn ti rí ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì.

Rìnsọ́lá gbọ́ ọ. Ohun gbogbo wá yé e lójú ẹsẹ̀, tàbí ó rò pé ó yé e: ìdí tí ọkùnrin náà kò fi sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì, ìdí tí kò fi tíì dé. Ọ̀mọ̀wé sáyẹ́ǹsì náà ti ń fẹ́yàwó ní Ọ̀yọ́, òun wà ní Glenarden, òun ń bá a bọ́ ejò. Ó ní òun máa gbé e jù sínú koríko lọ́la, bí dókítà ṣe wí.

Ó jí láàárọ̀, ó wọ bàtà, ó gbé àpótí. Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé ojú ejò náà ti funfun, bí ìgbà tí wọ́n da omi wàrà sí i. Awọ ara rẹ̀ ti ṣú. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lára rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gbé aláìsàn jù sí ìta. Ó gbé àpótí náà sínú mọ́tò, ó wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Largo níbi tí wọ́n ti ń ta ẹyẹ àti ẹja, ìyá rẹ̀ sì jókòó sí iwájú mọ́tò, ó ní òun kò ní dá nìkan wà nílé.

Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Anna ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó yẹ ejò wò, ó ní kò ṣàìsàn, ó fẹ́ bọ́ awọ ni, ejò kì í jẹun nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Rìnsọ́lá lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbo ló gbé e sí? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísọ̀n. Ṣé ibẹ̀ móoru? Rárá, ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sì ń fẹ́ sí i, torí Rìnsọ́lá kì í lè fara da ooru bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣé ó ní ibi tó lè sá pamọ́ sí? Kò ní. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ń wò ó lójúmọ́? Rìnsọ́lá kò lè kà á. Anna ní ara tútù ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lè dà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ni kò jẹ́ kó fẹ́ jẹ ẹ́. Àwọn ekòló pupa yẹn, oje ara wọn kò dára fún un, ó ṣe dáadáa bó ṣe sá. Kí ó wá ekòló ńlá láti inú ilẹ̀, kí ó gbé iná tó ń móoru sí apá kan àpótí, kí ó wá nǹkan bò ó, kí ó sì fi í sílẹ̀.

Rìnsọ́lá túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá nínú mọ́tò. Ìyá fọwọ́ lé ẹnu.

“Àwọn ọmọ tuntun tó máa ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án,” ó ní, “ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn kì í jẹun. Bí o bá dúró tì wọ́n, ẹkún ni wọ́n á máa sun. Màá gbé àwo kalẹ̀, màá kọjú sí ògiri. Ta ló lè jẹun nígbà tí wọ́n ń wò ó lẹ́nu báyìí?”

Láti ọjọ́ náà, ìyá gba iṣẹ́ náà ṣe. Òun ló ní kí wọ́n gbé àpótí lọ sí yàrá kejì, ibi tí ẹ́sì kì í dé. Ó fọ́ ìkòkò amọ̀ òdòdó kan sí méjì, ó ní kí Rìnsọ́lá da ìdajì rẹ̀ dé sínú àpótí bí ahéré. Wọ́n gbé iná tábìlì sí apá kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọn kò fi wọ yàrá náà àyàfi láti pààrọ̀ omi. Lọ́jọ́ keje, Rìnsọ́lá bá awọ kan nílẹ̀, ó fúyẹ́ bí bébà, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré títí kan ti ojú, Jẹ́jẹ́ sì ń dán nínú ahéré rẹ̀, àwọn ilà yẹ́lò náà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bó ti dá, ìyá wọ kóòtù òjò Rìnsọ́lá lé ìró, ó mú ṣíbí ìdáná, wọ́n jáde sẹ́yìn ilé, ọmọ àti ìyá ń wú ilẹ̀ nídìí igi, àwọn aládùúgbò sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ìyá rí ekòló mẹ́fà, Rìnsọ́lá rí méjì. Wọ́n ṣan wọ́n, wọ́n kó wọn sínú ìdérí ike kan, wọ́n gbé e sí ẹnu ahéré, wọ́n sì jáde. Rìnsọ́lá fẹ́ yọjú. Ìyá di í lápá mú. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń wo tẹlifísọ̀n tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́, títí wákàtí kan fi kọjá.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ekòló mẹ́jọ ti di mẹ́ta. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì ń wọlé lọ lẹ́nu ejò, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ìrù rẹ̀ ń jà. Ìyá wò ó títí ó fi parẹ́.

“Ó ń jẹun bí èèyàn gidi,” ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, “Inú kò bí mi sí ọmọkùnrin yẹn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.”

Rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹkún sì dé lé ẹ̀rín náà. Ejò ti jẹun, ta ló fẹ́ sọ fún? Kò ní nọ́ńbà kankan ní Ọ̀yọ́.

Akínwùmí dé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà. Ó ti rù, ó gé irun rẹ̀ kodoro nítorí ọ̀fọ̀. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí rọ́ọ̀gì, kò sì dìde nígbà tí ìyá ní kó dìde. Láti ibi tó wà ló ti na apòòwé kan sókè. Ó ní lẹ́tà ni, láti ọwọ́ olórí ẹbí àwọn, àbúrò bàbá òun, sí àwọn òbí Adérìnsọ́lá, láti tọrọ ọmọ wọn.

Rìnsọ́lá wà nídìí ilẹ̀kùn yàrá. Ó fara ti ògiri, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá gba lẹ́tà, ó wá ìgò ojú rẹ̀, ó jókòó, ó kà á láìyára. Nígbà tó kà á tán, ó bi ọkùnrin náà léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Akínwùmí kò sá fún un. Ó ní òótọ́ ni. Láti ọdún tó kọjá ni òun ti kọ̀wé sílé pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́, wọ́n sì kọ̀ nítorí ọjọ́ orí. Òun kò fẹ́ sọ fún Rìnsọ́lá pé ilé òun kò fẹ́ ẹ, òun kò sì fẹ́ fẹ́ ẹ ní ẹ̀yìn ilé òun. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n kó ọmọbìnrin kan wá. Òun ní òun kò ní kúrò ní Ọ̀yọ́ títí àbúrò bàbá òun yóò fi buwọ́ lu lẹ́tà yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà á.

“Lọ́jọ́ tó o pè,” Rìnsọ́lá wí láti ibi tó wà, “kí ló dé tó o kò fi sọ ọ́?”

Akínwùmí gbé ojú sókè. Ó ní Ẹ̀gbọ́n Adébùnmí àti àwọn ẹbí méjì míì dúró ti òun nídìí tẹlifóònù náà. Òun kò lè dárúkọ Rìnsọ́lá lójú wọn. “Nígbà tí mo ní mò ń ronú rẹ̀ lójoojúmọ́,” ó ní, “ìwọ ni mò ń bá wí. Mo rò pé ó máa yé ẹ.”

Ìyá ká lẹ́tà padà. Ó ní lójú òun, àgbàlagbà ló kọ lẹ́tà náà, ó kọ ọ́ dáadáa, òun yóò sì fi ránṣẹ́ sí bàbá Rìnsọ́lá ní Ìbàdàn, òun kò rò pé yóò kọ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ láti gbọ́ tirẹ̀.

Àyà Rìnsọ́lá kún fún ayọ̀, ó sì kún fún ìbínú, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Odindi ọdún kan ni ọkùnrin yìí fi ń jà fún un lẹ́yìn rẹ̀, kò jẹ́ kó mọ̀ pé ìjà wà. Òun ń sunkún nínú mọ́tò, ọkùnrin náà ń kọ lẹ́tà. Ó ní òun kò tíì ní ìdáhùn. Kí Akínwùmí gbé ejò rẹ̀ máa lọ. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, kí ó pàdé òun ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù ní ọ̀sán, òun ní ìdajì wákàtí láti fi jẹun.

Akínwùmí dé síbẹ̀ ṣáájú àkókò. Oòrùn mú gan-an. Bridget, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí òun àti Rìnsọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ó ń jẹ ìrẹsì nínú ike. Rìnsọ́lá kò ní kó dìde. Ó dúró níwájú Akínwùmí nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Mi ò mọ̀ bóyá mo lè gbé pẹ̀lú ẹni tí mo gbọ́dọ̀ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀,” ó ní. “Iṣẹ́ tèmi pọ̀. Tí ilé yín bá kọ̀ mí, kí o sọ fún mi, ká jọ bínú. Tí o bá fẹ́ mi, kí o sọ pé o fẹ́ mi. Má fi ejò sọ ọ́.”

Akínwùmí fọwọ́ nu iwájú orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe jẹ́ pé nínú ilé àwọn, bàbá àwọn kì í... ó wá dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Lake Arbor, nígbà tó jẹ ẹ̀pà tó sì da gbogbo èèpo rẹ̀ sínú mọ́tò òun, ni òun ti fẹ́ ẹ. Àárò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun ní Ọ̀yọ́. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń wo ilẹ̀.

“Sọ ọ́ sókè,” Rìnsọ́lá ní. “Bridget kò gbọ́.”

Akínwùmí gbé orí sókè. Ó tún un sọ lóhùn tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀, títí kan èèpo ẹ̀pà. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kọjá bojú wẹ̀yìn. Bridget gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun jẹun.

Rìnsọ́lá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá ló kù kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò Akínwùmí, ó jókòó sí iwájú, ó mú kàlẹ́ńdà kékeré kan jáde nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí ó wọlé, kí wọ́n mú ọjọ́.